Ọwọ́ Tó To Jíà

Látífàt wà lábẹ́ ọkọ̀ akérò kan, ó ń da ọ́ìlì jíà sínú agolo, nígbà tó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò kọ́kọ́ mira. Ó rò pé etí òun ló tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Sùlè ọkọ rẹ̀ ti kú ni etí rẹ̀ ti ń tàn án jẹ: á gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ọjọ́ náà nínú ẹ̀rọ ìlọta, á gbọ́ ọ nínú jẹnẹrétọ̀ ilé ìtajà òdìkejì, àní á gbọ́ ọ nínú òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ṣùgbọ́n ti òní kò kọjá lọ. Ó ń hó, á wá dákẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì, á sì tún máa hó lọ.

Ọ́ìlì ti kún agolo, ó ń dà sí i lápá. Kò mọ̀.

"Ìyá Jíà! Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó fa ara rẹ̀ jáde. Ọkùnrin tó ń pè é wọ bàtà funfun tí ẹrẹ̀ Òrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà jẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ pupa kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ agbọ́kọ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ẹ káàsán o. Gbádéyan lorúkọ mi, Àkúrẹ́ ni mo ti ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ẹ̀yin ni kí n wá. Ẹ wò ó, ẹ́ńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni, kò sóhun tó ṣe é. Jíà ni wàhálà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á ké tantan, ọkọ̀ á sì dúró sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ síbi eré ọkọ̀ kan ní Bìní lópin ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ẹ pa á," ni Látífàt wí.

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe máa ń…"

"Ọ̀gá, mo ní kí ẹ pa á."

Gbádéyan pa á. Ariwo ọ̀nà márosẹ̀ tún wọlé: àwọn tó ń pe èrò Bìní, tírélà tó ń fọn fèrè, obìnrin kan tó ń polówó búrẹ́dì. Látífàt nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, síbi tí ojú kò lè dé, níbi tí irin tó gbé e dúró ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ kan ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀. Ó rí kókó-kókó, ọ̀kan lé ọ̀kan, bí irun tí wọ́n fi sùúrù dì. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó máa ń jó irin báyẹn.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Ní Odìgbó níhìn-ín, lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní inú ọkọ̀ kan tó ní jàǹbá ni wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oríire mi ni. Irú ẹ̀ ṣòro ó rí."

Látífàt kò rẹ́rìn-ín.

Ìtàn náà kò gùn. Ẹnì kan ló gbé ọkọ̀ wá bá Sùlè pé kí ó bá òun fi ẹ́ńjìnnì ńlá sínú rẹ̀. Sùlè ló wá ẹ́ńjìnnì, òun ló wá jíà, òun náà ló gé irin tó so wọ́n pọ̀. Látífàt, tó ti kọ́ iṣẹ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ló tú jíà náà, tó fọ̀ ọ́, tó pààrọ̀ àwọn àwo pẹlẹbẹ inú rẹ̀, tó sì tò ó padà. Sùlè máa ń sọ pé ọwọ́ obìnrin ló yẹ inú jíà, pé ọwọ́ tòun ti wúwo jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, Sùlè wọ ọkọ̀ náà kó lè dán an wò. Látífàt dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń forí lé ọ̀nà Odìgbó, títí ohùn náà fi dákẹ́. Ó rò pé ó ti jìnnà ni. Kò mọ̀ pé jíà ló gan lójú eré. Gbogbo táyà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ríbi yà sí.

Níbi àdúrà fídáù, Màmá Límátù, ìyá Sùlè, béèrè ọ̀rọ̀ kan láàárín èrò. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọwọ́ ta ló to jíà yẹn?" Látífàt, tó wà láàárín àwọn obìnrin, tẹ orí ba. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn mọ́, torí wọ́n ti kó àfọ́kù ọkọ̀ náà lọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí béèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lè ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan kí ó parí. Tó bá to jíà tán, tó di gbogbo bóòtù rẹ̀, á gbọ́ ohùn Sùlè lẹ́yìn ọrùn rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́: "Látí, tún un wò." Á sì tún un tú. Àwọn oníbàárà rò pé ìfarabalẹ̀ ni. Wọ́n ń yìn ín káàkiri, ìyìn náà ló sì gbé Gbádéyan wá láti Àkúrẹ́.

Rìlwánù ti mọ́sálásí dé. Àbúrò Sùlè ni, òun ló ń ṣe iṣẹ́ wáyà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Bó ṣe rí inú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó dúró gbagidi. Ó fa Látífàt sẹ́yìn ọkọ̀ akérò.

"Ìyá Fàtíà, ṣé ohun tí mo ń rò nìyí?"

"Òun ni, Bọ̀dá."

"Kí ó máa gbé e lọ. Kí ó gbé e kúrò níbí kí oòrùn tó wọ̀. A ò ní fọwọ́ kàn án."

"Irin ni, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé irin ni. Ṣùgbọ́n a mọ irú irin tó jẹ́."

Látífàt wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi í pamọ́ sínú àpò aṣọ iṣẹ́.

Gbádéyan, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ti ṣí búùtù. "Tí ẹ bá máa nílò ẹ̀yà ara," ló ń kígbe láti ọ̀hún, "èyí tí wọ́n tà mọ́ ọn wà níhìn-ín o! Pa pọ̀ ni mo rà wọ́n. Mẹkáníìkì mi ló yọ eléyìí sọ́tọ̀, ó ní ó ti gan. Ó wá fi òmíràn sí i tí bóòtù rẹ̀ bá a mu."

Wọ́n jọ yíjú sí i. Jíà kan wà nínú búùtù náà lórí àpò ìrẹsì. Ara rẹ̀ ti sán, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ gbogbo ojú rẹ̀. Látífàt mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ àwo oúnjẹ tí òun fọ̀. Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ òun wà, ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń wá àṣìṣe rẹ̀ kiri nínú ọkàn.

"Má tú u," ni Rìlwánù sọ sí i létí. "Mo bẹ̀ ọ́. Ohun tí o bá rí níbẹ̀, o ò ní lè dá a padà síbẹ̀ mọ́."

Látífàt sọ fún Gbádéyan pé, "Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọ̀gá. Ẹ padà wá lọ́sàn-án ọ̀la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti mú Fàtíà ọmọ rẹ̀ dé iléèwé, ó gbé jíà náà sórí tábìlì iṣẹ́. Rìlwánù ní òun fẹ́ lọ ra wáyà, ó sì jáde. Wáyà kún inú ṣọ́ọ̀bù.

Ó kọ́kọ́ fọ iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò. Kò yára. Ó tú àwọn bóòtù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí aṣọ. Ọ́ìlì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná. Bó ṣe ń tú u, ó ń retí. Ó ń retí àwo kan tí òun fi sódì, òrùka kan tí òun kò tẹ̀ wọlé dáadáa, ohun kékeré kan tí òun gbàgbé nítorí pé ọmọ ń sunkún lọ́jọ́ náà tàbí nítorí pé ebi ń pa òun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti rí ohun kékeré náà lójú àlá. Ó tilẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe rí.

Kò sí níbẹ̀. Àwọn àwo náà wà bó ṣe tò wọ́n, òrùka tó dè wọ́n wà lójú ihò rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá tó ń gba agbára láti ara ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọ̀pá irin náà ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ó lọ́ títí ó fi já, àfọ́kù rẹ̀ sì há sáàárín eyín jíà. Ohun tó dá gbogbo táyà dúró nìyẹn.

Ó yí ara jíà náà padà, ó nu ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Ó kà á, ó tún un kà. Jíà ọkọ̀ kékeré ni, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, irú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé. Nígbà tí Sùlè gbé e fún un, kò wo nọ́ńbà. Nígbà náà, inú jíà nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yìn ikú Sùlè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo jíà àti ẹ́ńjìnnì pọ̀. Ṣùgbọ́n Sùlè mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó Sùlè ní gbogbo Òrè.

Ó jókòó. Ó ń dúró de ohùn náà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó dákẹ́ kí ó lè gbọ́ ọ dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà sì bà á lẹ́rù ju ohùn lọ.

"Ṣé o mọ̀?" ló bi afẹ́fẹ́ léèrè. "Sùlè, ṣé o mọ̀ kí o tó wọ̀ ọ́?"

Rìlwánù ló dé, láìsí wáyà lọ́wọ́. Ó wo orí tábìlì, ó wo ọ̀pá tó lọ́, ó wo ojú Látífàt. Mẹkáníìkì lòun náà, kò nílò àlàyé.

"Alihamudulilahi," ló wí. "Ìyá Fàtíà, ọwọ́ rẹ mọ́."

"Ọwọ́ ta ni kò wá mọ́, Bọ̀dá?"

Rìlwánù fa àga kan, ó jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo irin náà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Nígbà tí Gbádéyan dé lọ́sàn-án, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè é láti Bìní. "Ṣé ẹ ti rí jíà, Ìyá Jíà? Èyíkéyìí tí bóòtù rẹ̀ bá ti bá a mu, ẹ bá mi fi sí i. Ọjọ́ kan péré ni mo fẹ́ lò ó fún."

"Kì í ṣe bóòtù ló ń bára mu, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì yín ń pariwo ní ilé tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Jíà tó wà níbẹ̀ báyìí ò lè gbà á. Àánú yín ló ṣe é tó fi ń yọ̀. Ẹ bẹ Ọlọ́run kó má di ọjọ́ tí yóò gan."

"Ọkọ̀ eré ni, ó gbọ́dọ̀ lágbára."

"Ẹ́ńjìnnì ti ní agbára. Mo ń sọ ti ẹni tó máa gbé agbára náà dé ẹsẹ̀ táyà."

"Ẹ ṣe é, ẹ ò ṣe é, mẹkáníìkì ò tán ní Òrè." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí àkókò ń lé.

Látífàt lọ sídìí tábìlì, ó mú ọ̀pá tó lọ́ náà wá, ó sì fi lé e lọ́wọ́. Gbádéyan gbà á, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lé ibi tó lọ́ náà yípo.

"Kí ló ṣe eléyìí?"

"Ẹ́ńjìnnì tí ẹ rà. Inú jíà tó wà nínú búùtù yín ni mo ti yọ ọ́."

"Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Ọkọ mi ni."

Gbádéyan wo ọkọ̀ pupa rẹ̀, ó wo ìjókòó awakọ̀ tó ti rọra tẹ̀ bá ara rẹ̀ mu. Ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, bí ohun tó lè jí.

"Wọn ò sọ fún mi," ló wí níkẹyìn. "Ẹ dákun. Ọlọ́run mọ̀ pé wọn ò sọ fún mi." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Ṣé ó ṣeé ṣe, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́?"

"Ó ṣeé ṣe. Jíà tí wọ́n bí pẹ̀lú onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ni a óò wá, pẹ̀lú kọ̀nfátà tirẹ̀ tó máa dúró láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì. A óò wá ohun tí yóò máa fi atẹ́gùn mú kí ọ́ìlì rẹ̀ tutù. Bọ̀dá Rìlwánù á kọ́ kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọpọlọ ọkọ̀ náà kó mọ irú ẹ́ńjìnnì tó gbé. Yóò pẹ́. Kò ní bá yín lọ sí Bìní."

Gbádéyan mú fóònù rẹ̀, ó rìn dé etí títì. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kí wọ́n má retí òun. Nígbà tó padà wá, ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé Látífàt lọ́wọ́, ó ní òun á máa pè. Ọ̀kadà ló gùn lọ sí gáréèjì.

Látífàt bọ́ aṣọ iṣẹ́. Rìlwánù bi í pé níbo ló ń lọ.

"Odìgbó."

"Sọ́dọ̀ Màmá?" Ó mi orí. "Kí lo fẹ́ sọ fún wọn? Orúkọ ọmọ wọn ló kù fún wọn láti máa gbé lárugẹ. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ bá mi mú Fàtíà ní iléèwé," ni Látífàt wí, ó sì jáde.

Lẹ́yìn ọ̀kadà, bí oko kòkó ṣe ń kọjá lápá ọ̀tún, ó ń to ọ̀rọ̀. Ó pinnu láti sọ pé ọ̀nà ló pa á. Ó tún pinnu láti sọ pé àkọsílẹ̀ Ọlọ́run ni, èyí tí kò sí Mùsùlùmí tó lè jà á níyàn. Nígbà tí wọ́n kọjá ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó di ojú. Ọlọ́kadà náà kò mọ̀, ó ń kọrin lábẹ́nu.

Màmá Límátù wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó dáhùn ìkíni Látífàt láìgbójú sókè.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ló wà, Màmá. Àbúrò bàbá rẹ̀… Bọ̀dá Rìlwánù á mú un." Ọ̀rọ̀ ti ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Màmá, mo rí jíà tó wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo tú u lónìí."

Ọwọ́ ìyá náà dúró.

"Mi ò bi ọ́."

"Ẹ bi mí, Màmá. Níbi fídáù lẹ ti bi mí."

Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìnkùlé. Màmá Límátù mú ẹ̀gúsí kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó là á. "Kí lo rí níbẹ̀?"

"Ohun tí mo tò wà bí mo ṣe tò ó. Ọ̀pá kan ló já. Ẹ́ńjìnnì náà lágbára ju jíà lọ."

"Ta ló ní kí wọ́n so ohun tó lágbára mọ́ ohun tí kò lágbára?"

Gbogbo ohun tó tò lórí ọ̀kadà wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń dúró. Ó wo orí ìyá náà tó ti funfun lábẹ́ ìborùn.

"Sùlè ni, Màmá."

Ìyá náà kò ké. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí, kíá-kíá, ṣùgbọ́n èèpo àti ọmọ ẹ̀gúsí, inú àwo kan náà ló ń jù wọ́n sí. Látífàt rí i.

"Àti kékeré ni kò ti lè sọ fún ènìyàn pé rárá," ni Màmá Límátù wí, bí ẹni tó ń bá àwo náà sọ̀rọ̀. "Tí wọ́n bá gbé omi tó ju orí rẹ̀ lọ rù ú, á rù ú. Á máa gbọ̀n, á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo lù ú títí lórí ìyẹn." Ó ju èèpo mìíràn sínú àwo. "Ó máa ń wá, ṣé o mọ̀?"

"Ta ni, Màmá?"

"Nírọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti ń múra àtipe ìrun Màgàríbì báyìí, màá gbọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ló máa ń gbà wọlé tó bá ti Òrè dé, kí n má bàa rí ọ́ìlì ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti gbọ́n, mo ti lọ kan ilẹ̀kùn náà pa pẹ̀lú ìṣó. Síbẹ̀, kò dákẹ́."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ."

Ìyá náà gbójú sókè wò ó. Ó ti pẹ́ tí ojú wọn ti ṣe mẹ́rin gbẹ̀yìn. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àpótí.

"Jókòó. Ilẹ̀ ti ń tutù."

Látífàt jókòó tì í. Ó fa àwo náà sórí itan, ó ń ṣa èèpo kúrò lára ẹ̀gúsí, ìyá náà ń bó, òun ń ṣà. Oòrùn lọ sẹ́yìn igi ọ̀pẹ. Láti mọ́sálásí, wọ́n fọwọ́ gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Ohun kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fẹ́ẹ́rẹ́. Ó lè jẹ́ ewúrẹ́, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Màmá Límátù di etí àwo náà mú.

Látífàt ló dìde. Ó gba inú ilé tó ti ṣú kọjá, ó wá òòlù nínú àpótí irinṣẹ́ àtijọ́ tó wà lábẹ́ àga, ó sì yọ àwọn ìṣó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́ni níbẹ̀, àfi ọgbà gbágùúdá àti òkùnkùn tó ń bọ̀. Ó gbé òkúta kan tì í kí afẹ́fẹ́ má tì í padà.

Lẹ́yìn náà ló pọn omi sínú búútà, ó gbé e jáde síwájú ilé, ó sì bu omi sí ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó lè ṣe àlùwàlá.